Ojú Ìyá Mi Tí N Kò Rí Nínú Ọkàn Mọ́

Mo ti ṣe ìlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì ni n ó kọ tẹ̀ lé èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn. Ẹ forí jì mí, ìyẹn yóò dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ìyàwó mi àti àbúrò mi obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà kan èdè wa, ó sì kan ìyá mi. N kò mọ èyí tí ó kàn jù nínú méjèèjì. Ẹ ó bá mi wò ó.

Ní ìparí ọdún 2018 ni a ṣe ìrántí ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí ìyá mi ti lọ. Èrínjẹ ni a ti ṣe é. Fún ẹni tí kò mọ Èrínjẹ, ìlú Ìkálẹ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Okìtìpupa, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni a sin ìyá mi sí ní 2003. Àwọn ẹbí ti fẹnu kò pé a ó ya àwòrán ńlá kan tí a ó gbé kọ́ pálọ̀, kí àwọn ọmọ tí kò bá Ìyá láyé lè mọ̀ ọ́n. Fọ́tò ni à bá gbé fún wọn kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ṣùgbọ́n fọ́tò kò sí mọ́. Mẹ́fà péré ni ìyá mi yà ní gbogbo ayé rẹ̀, inú àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Òrùlé jò sí yàrá náà ní òjò ọdún kan, omi wọ inú àpótí, fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé ẹ̀kọ. Nígbà tí a rọra ń ya wọ́n sọ́tọ̀, ojú ni ó ń bọ́. Gèlè wà níbẹ̀. Bùbá wà níbẹ̀. Ọwọ́ tí ó gbé lé itan wà níbẹ̀. Níbi tí ojú yẹ kí ó wà, ìwé funfun ni.

Bí àbúrò mi ṣe lọ mú ayàwòrán kan wá láti Okìtìpupa nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ ìwé sórí itan, ó sì kọjú sí mi, nítorí èmi ni àkọ́bí.

"Ẹ júwe ojú Màmá fún mi, sà."

Mo ní ó pọ́n díẹ̀ lára. Mo ní ó ní èjí. Mo ní ìwo ojú rẹ̀ máa ń dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, sà. Ojú ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó gùn ni, àbí ó rí roboto? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ńkọ́? Ṣé imú wọn tóbi, àbí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́?"

Mo di ojú kí n lè wò ó dáadáa. N kò rí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó ṣú bàìbàì, tàbí pé ó jìnnà. Òkùnkùn ni, bí ìgbà tí ènìyàn di ojú lásán tí kò ro nǹkan kan. Mo la ojú, mo tún un dì. Ọmọkùnrin náà ń wò mí, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyá mi obìnrin tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà ń wò mí. Ìtìjú mú mi gan-an. Níkẹyìn mo ní kí wọ́n bi àbúrò mi, pé ọkùnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí irú nǹkan báwọ̀nyí.

Àbúrò mi di ojú tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ara rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀: iwájú orí gbòòrò tó báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ga sókè níhìn-ín, àgbọ̀n ṣù roboto, àmì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ ojú òsì. Àmì dúdú! Ọdún mẹ́rìnlélógún ni èmi àti obìnrin yìí fi wà láyé pọ̀, n kò sì mọ̀ pé ó ní àmì lábẹ́ ojú. Tàbí kí n sọ pé mo mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ lọ́rọ̀ létí mi, nítorí náà kò dúró. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí òun ni ó ń yà mí lẹ́nu jù títí di òní. Ohun gbogbo tí mo lè sọ fún ayàwòrán ni ohun tí ènìyàn ti fi ẹnu sọ rí. Mo mọ̀ pé ó pọ́n nítorí ìyá bàbá mi a máa pè é ní Apọ́nbéporẹ́. Mo mọ̀ pé ó ní èjí nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà a máa pè é ní Eléjìí. Ohun tí kò ní orúkọ ti lọ.

Ayàwòrán náà wo àbúrò mi títí, ó ní, "Ẹ jọ wọ́n, àbí?" Àbúrò ìyá mi dáhùn pé ó jọ ọ́ bí ìmumu. Ó bá ní kí àbúrò mi jókòó sí ojú ìmọ́lẹ̀. Òun ni ó wò tí ó fi ya àwòrán náà, ó sì ń tún ibi tí àbúrò mi bá ní kí ó tún ṣe. Àwòrán tí ó wà ní pálọ̀ wa ní Èrínjẹ lónìí, àbúrò mi ni ìdajì rẹ̀.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo kọ́kọ́ dá ara mi lẹ́bi. Mo ní, àbí n kò fẹ́ràn ìyá mi tó ni? Àbí ìwé ni mo kà jù tí n kò fi wá sílé? Ọdún 15 ni, èrò mi ni pé ọjọ́ ni ó ti pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá dán nǹkan kan wò nínú òkùnkùn tí mo wà yẹn, tí ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Mo gbìyànjú láti rí ojú ìyàwó mi, tí mo fi sílẹ̀ ní ilé láàárọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Òkùnkùn. Mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé èyí àgbà ti ga, mo mọ̀ pé eyín èyí àbíkẹ́yìn ń hù. Òkùnkùn. Mo ro ojú ara mi. Bákan náà ni.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́: mo ń dá ènìyàn mọ̀. Bí ìyàwó mi bá yọ lókèèrè, mo mọ̀ pé òun ni. Bí ẹ bá kó fọ́tò ogún ìyá jọ tí tèmi sì wà níbẹ̀, n ó fa tèmi yọ. Àìsàn mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dá ojú mọ̀, kì í ṣe òun ni ó ń ṣe mí. Tèmi ni pé bí ojú náà bá ti kúrò níwájú mi, ó ti kúrò nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo rí láti ilẹ̀. Ní 1990, nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń sùn, ojú ìyá mi ni mo fi ń sùn. Púpurú ni ó ń ṣe tà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ lè má mọ púpurú. Ẹ̀gẹ́ ni a ń bó, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí tí yóò fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ dà nù, a ó wá mọ ọ́n roboto, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ yóò dúdú, inú rẹ̀ yóò funfun. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, a ó gún un, a ó kù ú, a ó rò ó lórí iná. Ẹni tí ó ń yan púpurú kì í sá fún èéfín. Ojú ìyá mi máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ní alaalẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá paná, mo máa ń rí i níwájú ààrò náà, tí yóò bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo mọ̀ dájú pé mo ń rí i. Ohun tí ó ṣòro láti là yé yín ni pé mo rántí pé mo máa ń rí i, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo rántí.

Ìgbà wo ni ó wá lọ? Ní 2016, bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ já kúrò lójú ọ̀nà láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Okìtìpupa, orí mi sì gbá irin àga iwájú. N kò mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ kejì. Ọlọ́run yọ mí, wọ́n ya fọ́tò orí mi, wọ́n ní kò sí nǹkan, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù méjì. Kò sí ẹni tí ó bi mí bí mo bá ṣì ń rí ènìyàn nínú ọkàn, èmi náà kò sì bi ara mi. Ta ni yóò ronú kan irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ọdún méjì ni mo fi rìn káàkiri láìmọ̀ pé nǹkan sọnù.

Bí a ti jẹ́ ará yunifásítì, ìwé ni mo sá tọ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1880, Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn ènìyàn ro tábìlì tí wọ́n ti jẹun láàárọ̀, kí wọ́n sì sọ bí ó ti hàn sí wọn lọ́kàn tó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó kọ́kọ́ bi ya á lẹ́nu, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí ó ń wí. Wọ́n rò pé àkànlò èdè lásán ni bí ènìyàn bá ní òun fi ojú inú rí nǹkan. Ní 1883, Jean-Martin Charcot, dókítà ńlá ní Paris, sọ nípa oníṣòwò kan tí ó gbọ́ èdè púpọ̀, tí ojú inú rẹ̀ mú bí abẹ tẹ́lẹ̀, tí ó sì pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè rí ojú ìyàwó rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó gbá mi láyà nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé etí ni ó wá gbára lé. Ohun tí ó máa ń kà lẹ́ẹ̀kan tí yóò dúró lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di dandan kí ó máa kà á sókè kí ó lè gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní 2010, Adam Zeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa ọkùnrin ẹni ọdún 65 kan tí wọ́n pè ní MX. Wọ́n la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó dí nínú ọkàn rẹ̀ fún un, lẹ́yìn rẹ̀ ni ó rí i pé òun kò lè fi ojú inú rí ẹbí àti ọ̀rẹ́ òun mọ́. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé báyìí ni àwọn ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn. Mọ́kànlélógún nínú wọn ni Zeman, tí ó wà ní yunifásítì Exeter nígbà náà, kọ nípa wọn ní 2015, òun sì ni ó fún nǹkan náà ní orúkọ: aphantasia. Ẹnì kan sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni wọ́n gbà pé ó wà fún lónìí. Èyí tí wọ́n bí mọ́ni ni ó pọ̀ jù, irú tèmi tí ó dé lójú ayé ṣọ̀wọ́n.

Mo ní ẹlẹgbẹ́ kan ní ẹ̀ka wa tí mo ń bá jẹun ọ̀sán. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bí ó bá di ojú tí ó ro ìyá rẹ̀, kí ni ó ń rí? Ó ní, "Kí ni n ó rí? Ṣebí mo di ojú." Ó ti lé ní ọdún 50, ọ̀jọ̀gbọ́n ni nínú lítíréṣọ̀ wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ bí a ti ń fi ojú inú wo nǹkan kò níye. Àkànlò èdè ni ó pè é, bí àwọn ènìyàn Galton. Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí òun kò pàdánù nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a yà bàrá díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, kí ẹ má baà ní mo gbàgbé iṣẹ́ mi. Láti inú èdè Gíríìkì ni phantasia ti wá, agbára ọkàn tí ń mú kí nǹkan hàn sí ni. A- tí ó ṣáájú rẹ̀ ni òdì, bí àì- tiwa nínú àìsùn àti àìrí. Báwo ni àwa yóò ti pè é? Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá ìfọ́jú inú. Mo ní rárá o. Bí ẹ bá pe ènìyàn ní afọ́jú inú ní ilẹ̀ Yorùbá, èébú ni ẹ bú u, ẹ ní kò ní òye. Èkejì dábàá àìfojú-inú-rí. Èyí sàn, ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mò ń lò. Bí ẹ bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, ẹ mú un wá.

Ohun tí ó kàn mí jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa, rántí. Àwọn kan gbà pé rán àti etí ni ó di rántí. N kò ní fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, nítorí ìtumọ̀ tí ó bá dùn jù kì í ṣe òun ni ó máa ń jẹ́ òótọ́ jù, mo sì ti kìlọ̀ fún yín nípa irú ìtúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé etí ni èdè wa fi ń ṣe ìrántí, kì í ṣe ojú. Ojú ni àwòrán ń bá lò. Babatunde Lawal kọ ní 2001 pé à, wò àti rántí ni ó para pọ̀ di àwòrán: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ awòran, ẹni tí ń wo ìran. Ohùn wọn yàtọ̀. Bí ti Lawal bá tọ̀nà, àwọn tí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé ọkàn nìkan kò tó, pé ènìyàn nílò nǹkan níwájú rẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ wa kan náà, mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ní àkó, ère olóògbé tí wọ́n máa ń gbẹ́ fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ẹni ńlá. Ère yìí kò dà bí ère yòókù ní ilẹ̀ Yorùbá, tí orí rẹ̀ máa ń tóbi ju ara lọ, tí ojú rẹ̀ kì í sì í ṣe ojú ẹnì kan ní pàtó. Àkó gbọ́dọ̀ jọ òkú náà gẹ́lẹ́. Wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ rẹ̀, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Rowland Abíọ́dún kọ ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1976. Nígbà tí mo tún un kà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Èrínjẹ, agbẹ́gilére ni mo ń rò. Ta ni ń júwe ojú òkú fún un? Ṣé àkọ́bí ni? Bí àkọ́bí kò bá rí nǹkan ńkọ́?

Ti ayàwòrán wa pẹ̀lú ní ìran. Stephen Sprague kọ ní 1978 nípa àwọn ayàfọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, fọ́tò èyí tí ó wà láàyè ni ayàfọ́tò máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ọ̀kan dúró fún òkú. Àbúrò mi kò fẹ́ràn ìtàn yìí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òkú ni mo ń jókòó fún nìyẹn?" Mo bẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù fún mi. Ní 2002, mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀. Mo gbé rẹ́díò onikásẹ́ẹ̀tì lọ bá ìyá mi ní ibi ààrò, mo sì ń bi í ní orúkọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti kọ́ wa. Ẹ̀yìn yìí ni mo ní kí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà fún mi. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, iná ń ta pàrà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń pe iṣu ní uṣu, ó ń pe ilé ní ulí, gh ń jáde níbi tí ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ń pe w. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀yà ara, mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ojú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìwé ni mo kà tí n kò fi mọ ojú mọ́. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rín ọ̀hún pé, n kò nílò kásẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ ọ, ó ń dún létí mi bí mo ti ń kọ èyí. Ẹnu tí ó ti jáde ni n kò rí.

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn kan wọ àgbàlá, a gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ìyá mi sì ní, "Án ghá." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹ wá yàtọ̀ sí wọ́n wá nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ní ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn, tí Abíọ́dún Adétugbọ̀ yà sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1967, ìyàtọ̀ náà ti parẹ́. Án ni ó dúró fún méjèèjì. Nítorí náà n kò lè sọ bóyá èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀ pé àwọn kan dé, tàbí àwọn tí ó wọlé ni ó ń kí. Lọ́jọ́ náà n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rí ibi tí ó kọjú sí. Ó wà nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé, n kò sì kọ ibi tí ó kọjú sí.

Mo tún ń rí i lójú àlá. Àwọn tí Zeman kọ nípa wọn sọ irú rẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ní àwọn ń rí àwòrán lójú oorun bí ẹnikẹ́ni. N kò mọ ohun tí ó mú un wá bẹ́ẹ̀. Ìyá mi a máa wá bá mi ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, pẹ̀lú ojú rẹ̀ gbogbo, mo sì máa ń mọ̀ nínú àlá náà pé mò ń rí i, a sì máa dùn mọ́ mi. Bí mo bá ti jí, ó ti tán. Ní ẹ̀ẹ̀kan mo gbé bírò àti ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, mo ní n ó kọ ọ́ kí ó tó sá lọ. Ohun tí mo rí kọ nígbà tí mo jí ni pé: "Ìyá wá. Gèlè aláwọ̀ ewé." Ìyàwó mi ní kí n má ṣe da ara mi láàmú, pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí ni yóò wá, kì í ṣe dandan kí n mú un mọ́lẹ̀. Ó lè rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀. Òun ń rí ìyá tirẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú.

Ó ku ti ọmọbìnrin mi. Ọdún 2017 ni a bí i, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mo bí, Yétúndé ni a sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn ẹbí ìyá mi gbé e lọ́wọ́ kan sí òmíràn, wọ́n ń ké pé ojú rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ gan-an ni, ó padà wá. Gbogbo wọn wò mí kí n fọwọ́ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. N kò rí ohun tí mo fi ń wé e. Ọdún kan ṣáájú ti ayàwòrán nìyẹn, èrò mi sì ni pé ojú ọmọ titun kì í tíì jọ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tí ó ń ṣe mí ni mo ti ń wo ọmọ náà bí ẹni tí ń ka ìwé tí ó yá fún ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá sọ òtítọ́, a jẹ́ pé ohun tí mò ń wá wà níwájú mi níbi tábìlì oúnjẹ, tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹran. N kò lè mọ̀. Mo lè gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ni.

Ní ọdún tí ó kọjá a lọ sí Èrínjẹ. Àbúrò ìyá mi ti darúgbó púpọ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí Yétúndé súnmọ́ òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí àbúrò mi ti ṣe fún ayàwòrán lọ́jọ́sí, ó sì pẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ojú òsì. Mo bi í bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó ní kò sí, awọ ọmọdé ni. Ó ní ṣùgbọ́n kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́.

Ilé tí a ń gbé kì í ṣe ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni Yétúndé ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ohun tí ó sọ ni orúkọ ohun tí ó jẹ láàárọ̀. Ó ní uṣu. N kò kọ́ ọ. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ni ó ti gbọ́ ọ, nígbà tí ó ń jókòó lẹ́yìn mi tí mo rò pé eré ni ó ń ṣe. Ìyá àgbà náà pariwo, ó di ọmọ mú, ó ní kí ó tún un wí.

Ó tún un wí.

Ó dìgbà kan ná. Ti ìpajẹ fáwẹ̀lì ń bọ̀, mo ṣèlérí.